Páálí Kẹta

Iṣẹ́ tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ni kí n máa mú àwọn èèyàn búra. Nílé ẹjọ́, bí ẹlẹ́rìí bá ti dé iwájú, màá dìde, màá na ìwé sí i, màá sì máa ka ọ̀rọ̀ inú páálí fún un díẹ̀díẹ̀ kó lè máa sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ẹ̀ bíi tèmi á mọ ohun tí ọwọ́ ń sọ. Àwọn kan máa ń tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ ìwé bí ẹni ń tẹ òǹtẹ̀. Àwọn kan á na ìka, wọn ò sì ní jẹ́ kó kan ìwé rárá, torí wọ́n rò pé ìbúra tí ọwọ́ ò bá kàn ò lè mú èèyàn. Àwọn tó ń fẹnu ko ìwé ni mo máa ń fura sí jù. Aṣọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń nu òógùn wọn kúrò lára èèpo ìwé.

Páálí mẹ́ta ló wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi. Ọ̀kan wà fún àwọn tó ń fi Bíbélì búra, ọ̀kan fún àwọn tó ń fi Kùránì búra. Ẹ̀kẹta wà fún ẹni tí kò bá fẹ́ fi ìkankan búra: á kàn dúró, á sì ṣèlérí lórí ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ pé òtítọ́ lòun máa sọ. Òfin ló ní kó wà níbẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí mo lò, ẹnikẹ́ni ò béèrè rẹ̀ rí. Mo ti fi tẹ́ ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀, mo sì kó àwọn bírò tí kò kọ mọ́ lé e lórí.

Ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀ ni àbúrò mi, ọmọ ìyá ọmọ bàbá mi.

Ṣàlàyé là ń pè é nílé. Bàbá wa ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí pé bí wọ́n bá rán an níṣẹ́, á ní kí wọ́n ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ òun. Bí wọ́n bá wá nà án, á ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí ẹgba ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà. Ó dàgbà, ó di ẹni tó ń yẹ ilé wò fún ìjọba. Bí wọ́n bá ń kọ́ ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn, òun ló máa lọ wọn òpó, tó máa ka irin, tó máa fi òòlù kékeré gbá ògiri, tó máa dẹtí sí i. Iṣẹ́ yẹn bá a mu wẹ́kú. Òun náà ló ń gbé màmá wa lọ sọ́dọ̀ dókítà, òun ló sì mọ orúkọ gbogbo oògùn wọn. Ní tèmi, àdúrà ni mo máa ń gbà fún wọn.

Ọdún kẹjọ rèé tí màmá ní kó gbàdúrà sí oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ ìsinmi kan. Ó rọra ní kí wọ́n má bínú, òun ò gbà pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. Ṣíbí tí màmá fẹ́ fi bu ọbẹ̀ dúró lókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi ló gbàdúrà náà nígbẹ̀yìn, àdúrà ọ̀hún sì gùn débi pé oúnjẹ tutù pátápátá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti di agbẹnusọ irọ́ fún ìdílé wa. Bí àwọn ará ìjọ bá bi mí pé àbúrò mi ńkọ́, màá ní iṣẹ́ gbé e lọ sọ́nà jíjìn. Nígbà tí iyẹn ò tà mọ́, mo ní ìbàdí ń dùn ún. Ẹnì kan gbé òróró ìpara fún mi pé kí n mú un lọ fún un, mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ò ju ẹnu èèyàn lọ. Mo wà lára àwọn tó ń jókòó síwájú nínú ìjọ wa. Bí wọ́n bá gbọ́ pé aláìgbàgbọ́ wà nílé wa, wọ́n á ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹni tí kò lè tún àbúrò rẹ̀ ṣe ló ń jókòó síwájú wa. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ikú yá ju ẹ̀sín. Mo máa ń wí i bẹ́ẹ̀ náà, láìro ikú ta ni.

Ìgbà tó yá ni òrùlé gbọ̀ngàn kan nílé ìwòsàn ìjọba já lu àwọn tó jókòó tí wọ́n ń retí dókítà. Èèyàn mẹ́ta kú. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tó gbé ọmọ rẹ̀ wá gba abẹ́rẹ́. Ọmọ yè, ìyá kú, ìyá ìyá náà, tó jẹ́ aránṣọ, ló wá ń tọ́ ọmọ ọwọ́ lọ́jọ́ ogbó. Àṣé àbúrò mi ti kọ lẹ́tà mẹ́ta sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ àti sí agbaṣẹ́ṣe tó kọ́ ilé náà, pé òpó mẹ́rin tín-ín-rín ju bó ṣe yẹ lọ, pé wọn ò gbọdọ̀ tíì ṣí ibẹ̀. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni alága, wọ́n sì ní kí n wá máa mú àwọn ẹlẹ́rìí búra níbẹ̀. Mo sọ fún alága pé àbúrò mi wà lára wọn. Ó ní iṣẹ́ mi ò nípa lórí ìdájọ́, kí n ṣáà ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ò le rárá: bí wọ́n bá gba ẹ̀rí àbúrò mi, agbaṣẹ́ṣe máa lọ jẹ́jọ́. Bí wọn ò bá gbà á, kò sí ẹlòmíràn tó wọn òpó yẹn kó tó wó. Rédíò sì ń gbé gbogbo rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tirẹ̀, ó wá bá mi nílé.

“Bọ̀ọ̀dá,” ni ó wí, “mo kà á nínú òfin pé èèyàn lè ṣèlérí láìfi ìwé kankan búra. Ṣé ẹ ní i níbẹ̀?”

Mo rò ó wò. Mo ro màmá tó máa jókòó ti rédíò. Mo ro àwọn ará ìjọ. Mo ro ohùn tèmi tó máa ka páálí yẹn fún ọmọ ìyá mi létí gbogbo ayé.

“Wọ́n ti yọ ọ́,” ni mo wí. “Kò sí mọ́.”

Ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣàlàyé tí kì í gba nǹkan láìwọ̀n ọ́n, kò ní kí n ṣàlàyé. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé bí òun bá fi ohun tí òun ò gbà gbọ́ búra, ṣé òun ò tíì purọ́ kí òun tó bẹ̀rẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń jókòó síwájú, mo rẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹnu lásán ni, jàre. Ta ló ń rò ó? Ṣe é kọjá, kó o lè ráyè sọ tẹnu ẹ.” Ó ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní bó bá jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n á fi gbọ́ ohun tó wà nínú lẹ́tà náà nìyẹn, òun á ṣe é, àmọ́ inú òun ò dùn sí i. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́ sílẹ̀: nínú àwa méjèèjì lọ́jọ́ yẹn, aláìgbàgbọ́ ló ka ìbúra sí nǹkan.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ọwọ́ lé ìwé, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mò ń ka ọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi. Lẹ́yìn náà ló ka lẹ́tà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú ọjọ́ tó kọ wọ́n. Ó ka bí òpó kọ̀ọ̀kan ṣe nípọn tó àti bó ṣe yẹ kó nípọn tó. Kò gbé ohùn sókè, kò bú ẹnikẹ́ni. Ìyá aránṣọ jókòó sí ìlà àkọ́kọ́ bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń mi orí sí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Alága ń kọ ọ́ sílẹ̀ kíákíá. Inú mi dùn débi pé mo ń dá ara mi láre: ṣé ẹ rí i, ó kúkú yọrí sí rere.

Agbẹjọ́rò agbaṣẹ́ṣe ló wá dìde. Kò bi í ní nǹkan kan nípa òpó. Ó bi í pé ìjọ wo ló ń lọ. Àbúrò mi ní òun ò lọ síbì kankan. Agbẹjọ́rò ní láti ìgbà wo, àbúrò mi ní láti ìgbà pípẹ́. Agbẹjọ́rò náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

“Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ gba Ọlọ́run gbọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” péré ni ì bá wí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ti sọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ níwájú mi, wọ́n sì relé lọ jẹun.

“Rárá, sà.”

Gbọ̀ngàn hó. Ọkùnrin tó jókòó ti ìyàwó àbúrò mi sún lọ sẹ́yìn, ó fi àga kan sílẹ̀ láàárín wọn. Agbẹjọ́rò dúró títí ariwo fi rọlẹ̀, ó wá bi í pé ṣebí ìwé mímọ́ ló gbé ọwọ́ lé láàárọ̀. Àbúrò mi ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n sọ fún òun pé kò sí ọ̀nà mìíràn ni.

Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ọ̀nà mìíràn wà nínú òfin. Ó yíjú sí mi, ó bi mí bóyá páálí yẹn ò sí lọ́dọ̀ mi. Mo fa dúrọ́ọ̀, mo kó àwọn bírò kúrò, mo ní, “Ó wà, sà.”

“Ta ló wá sọ fún yín pé kò sí?” ni alága bi àbúrò mi.

Ó wò mí. Kì í ṣe ìwò ìbínú. Bó ṣe máa ń wo òpó kó tó fi òòlù kàn án ló ṣe wò mí, bóyá mo lè gbé ẹrù tó wà lórí mi. Mo sọ ojú sílẹ̀. Oṣù mọ́kànlá ló kù kí n fẹ̀yìn tì, ó sì mọ̀.

“Kò sẹ́ni tó sọ ọ́, sà. Mi ò béèrè. Èmi ni mo rò ó bẹ́ẹ̀.”

“Ẹ gbọ́ ọ o, ẹ̀yin ará,” ni agbẹjọ́rò wí, ohùn rẹ̀ dùn bí oyin. “Ó ní wọ́n sọ fún òun. Ó tún ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ẹni tí kò gbàgbọ́, báwo la ṣe fẹ́ gbà á gbọ́?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága fi kálámù rẹ̀ lélẹ̀. Láti kékeré wa, irọ́ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ mọ́ ọmọ yìí lẹ́nu nìyẹn. Nítorí tèmi ló ṣe pa á, irọ́ náà ló sì ba ẹ̀rí rẹ̀ jẹ́. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin ni mo wà sí ibi tó dúró sí, gbólóhùn kan lẹ́nu mi ì bá tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Mo ti dúrọ́ọ̀. Mo mú aṣọ kékeré yẹn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ìwé tí kò dọ̀tí.

Lọ́jọ́ kejì, ìwé ìròyìn gbé e jáde gàdàgbà-gadagba: ALÁÌGBÀGBỌ́ KÒ ṢEÉ GBÀ GBỌ́. Ó dùn lẹ́nu, ni gbogbo èèyàn bá sọ ọ́ di orin. Àwọn tó ń tẹ rédíò láago ò sọ̀rọ̀ òpó mọ́. Ẹnì kan ní irú wọn lè máa gbálẹ̀ títì, àmọ́ kò yẹ kí wọ́n fún wọn ní ohunkóhun buwọ́ lù. Ẹnì kan ní ẹni tí kò bẹ̀rù ọ̀run, kí ló fẹ́ dí i lọ́wọ́ kó má jalè. Obìnrin kan tó ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní òun ò kórìíra wọn, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa fi orílẹ̀-èdè sílẹ̀ fún àwa tá a ni ín. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n gbé àbúrò mi lọ síbi tí wọ́n ń kó ṣọ́bìrì sí, pé kó máa kà wọ́n. Màmá wa pa rédíò, wọn ò tan án mọ́. Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan pé ṣé páálí yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ní ó wà. Wọ́n wò mí títí, wọn ò sì béèrè èyí tó kù.

Ó sì jẹ́ pé ní ìjọ, ńṣe ni wọ́n ń bá mi kẹ́dùn. Wọ́n ń dì mọ́ mi, wọ́n ní ẹ kú ìfaradà, wọ́n ní wọn ò mọ̀ pé irú ẹrù báyìí ni mo ń rù láti gbogbo ọdún yìí wá. Mo tẹ́wọ́ gba ẹ̀dùn náà bí mo ṣe tẹ́wọ́ gba òróró ìpara.

Mo lọ bá àbúrò mi nílé rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta tó jẹ́rìí. Mo ti ṣètò ọ̀rọ̀ gígùn lọ́nà, kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ní kí n jókòó, ó gbé omi fún mi.

“Bọ̀ọ̀dá, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù kí alága ka àbájáde. Ẹ lọ sọ fún wọn ní kọ̀rọ̀. Kò di dandan kí wọ́n gbé e sórí rédíò. Kí wọ́n ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mo sọ̀rọ̀ méjì.”

Mo ní màá lọ. Mo ní mo fi Ọlọ́run búra.

“Ẹ má búra,” ni ó wí. “Ẹ ṣáà lọ.”

Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà, ojú ewé kan péré. Mo fi sápò kóòtù mi. Mo dé ẹnu ọ̀nà alága lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ó bi mí kí ni mo fẹ́. Mo ní orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ni mo wá gbà. Ó fún mi, mo dúpẹ́, mo sì jókòó síwájú ìwé orúkọ tí mo ti ní tẹ́lẹ̀. Ẹ má tan ara yín, kì í ṣe iṣẹ́ ni mo ń ṣọ́. Àánú tí àwọn ará ìjọ ń ṣe mí ni mi ò fẹ́ pàdánù. Ó ti mọ́ mi lára láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ àbájáde pé. Alága kà á fún wákàtí kan gbáko. Ó ní òjò tó rọ̀ lọ́jọ́ tí òrùlé já kọjá bó ṣe yẹ. Ó ní ìgbìmọ̀ ò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lórí ẹ̀rí ẹni tó sọ̀rọ̀ méjì lábẹ́ ìbúra. Ó ní ohun tó ṣẹlẹ̀ bani nínú jẹ́ púpọ̀, àmọ́ àmúwá Ọlọ́run ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Òun la fi ń tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú, èmi náà ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Lọ́jọ́ yẹn, mo mọ àwọn tó mú un wá, mo sì mọ̀ pé mo wà lára wọn. Agbaṣẹ́ṣe gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń dúpẹ́. Àbúrò mi ti jáde kí wọ́n tó kà á tán.

Ìyá aránṣọ bá mi níbi tí mo ti ń kó ẹrù mi. Ọmọ náà sùn sẹ́yìn rẹ̀. Ó jọ pé ìdí ẹ̀rọ ló ti dìde wá, torí téèpù tó fi ń wọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

“Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé, ẹ sì tún mọ Ọlọ́run. Ṣé Òun ló ṣe é lóòótọ́?”

Lẹ́tà ṣì wà lápò mi. Kò sí rédíò níbẹ̀, kò sí ará ìjọ kankan, àwa méjì péré la wà nínú gbọ̀ngàn, àti ọmọ tó ń sùn. Mi ò tún ní àwáwí kankan mọ́.

“Àmúwá Ọlọ́run ni, ìyá,” ni mo wí. “Ẹ gbà fún Un.”

Ó mi orí. Ó tún ọmọ pọ̀n, ó so ọ̀já le. Ó ti ń lọ, ó tún padà, ó sì sọ ohùn rẹ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ nǹkan.

“Èmi náà ń fi téèpù ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọkùnrin yẹn ń ka ìwọ̀n òpó, mo gbà á gbọ́, akọ̀wé. Gbogbo ọkàn mi ni mo fi gbà á gbọ́. Ẹ bá mi bẹ Ọlọ́run kó dárí jì mí.”

Ó kúnlẹ̀, ó di ojú. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo sì bá a gbàdúrà náà, ọ̀rọ̀ ò sì wọ́n mi lẹ́nu.